Kọ́bọ̀ Oníhò Bàbá Àgbà

Agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ ibùsùn Màmá Àgbà nílé wa ní Ìpógun. Ó ti dípẹtà. Àwòrán ara rẹ̀ ti pa rẹ́, ìdérí rẹ̀ sì máa ń ké bí a bá ń ṣí i, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọmọ tó lè jí i ṣí kí Màmá Àgbà má gbọ́. Inú agolo yìí ni Bàbá Àgbà, tó fi oko kòkó tọ́ ọmọ méje, kó owó àtijọ́ sí kí ó tó kú. Owó onírin funfun ni, ihò róbótó wà láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. 87 ni gbogbo wọn. Mo mọ iye wọn nítorí pé èmi ni mo kà wọ́n, tí mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi náà ni mo tìtorí wọn jẹ ìyá mi ní gbèsè.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí Màmá Àgbà kọ́kọ́ fi owó náà hàn mí. Ó ní kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè é kí owó náírà tó dé. Ó ní bí èèyàn bá lọ sí ọjà, a máa fi okùn sín in, a sì so ó mọ́ ìdí aṣọ. Láti ọjọ́ náà ni àìsàn kíkó owó àtijọ́ jọ ti mú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn owó onírin tí ìjọba gbé jáde ní 2007, ìyẹn 50 kọ́bọ̀, ₦1 àti ₦2, tí ẹnikẹ́ni kì í gbà lọ́jà mọ́. Àwa bíi mẹ́fà la ń ṣe é ní kíláàsì wa. Bí ẹnì kan bá ní ₦2 méjì, a máa fi ọ̀kan pààrọ̀ ₦1 mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gbogbo wa la gbà gbọ́ pé bó pẹ́ bó yá, àwọn owó wọ̀nyí yóò di ohun tí àwọn olówó yóò máa wá kiri, a ó sì tà wọ́n, a ó kọ́lé. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí gbogbo èèyàn bá tọ́jú tirẹ̀ pa mọ́, ta ni yóò wá rà á?

Ní 2021, mo wà ní SS2. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú ọ̀kan nínú kọ́bọ̀ oníhò náà sún mọ́ fìtílà kí n lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1936. Ní iwájú rẹ̀, adé ọba ni mo rí, àti orúkọ kan tí mo fi ìka tọ lẹ́tà lẹ́tà: EDWARDVS VIII. Mo gba fóònù ẹ̀gbọ́n mi, mo wo orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kà á pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, pé kò lo ọdún kan lórí oyè, láti oṣù kìíní sí oṣù kejìlá 1936, kí ó tó fi adé sílẹ̀ nítorí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ fẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ka ohun tó gba oorun lójú mi: pé ní oṣù kìíní 2020, ẹnì kan san mílíọ̀nù kan owó pọ́n-ùn láti ra owó kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Edward Kẹjọ yìí.

Mo fi fóònù náà ṣírò mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sí náírà. Òdo tó jáde pọ̀ débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dà agolo náà sórí ẹní. Kọ́bọ̀ mọ́kànlá ló ní orúkọ Edward lára! Mọ́kànlá! Mo jókòó síbẹ̀, mo ń pín ilé àti mọ́tò fún àwọn ẹbí mi nínú ọkàn mi. Mo ti kọ́ ilé alájà méjì fún ìyá mi kí àkùkọ tó kọ.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Mo ń wá oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí mo fi rí ọkùnrin kan tó ní òun ń ra owó àtijọ́ fún àwọn òyìnbó. Ó ní kí n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, kí n sì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kọ́bọ̀ mọ́kànlá náà, mo fi iyanrìn há wọn títí wọ́n fi ń kọ mànà. Ọkùnrin náà rí àwòrán, ó ní mo ti lówó. Ó kù kí n san ₦15,000 fún ìwé ẹ̀rí, nítorí pé kò sí òyìnbó tí yóò ra owó tí kò ní ìwé ẹ̀rí.

Níbo ni ọmọ ilé ìwé ti fẹ́ rí ₦15,000? Mo mọ ibi tó wà. Ìyá mi, tó ń yan gàrí tà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni, ó sì ti ya owó ìdánwò WAEC mi sọ́tọ̀ sínú àpò tó so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé n kò jalè. Mo kàn fẹ́ yá a fún ọjọ́ mẹ́ta ni. Mo mú owó náà, mo lọ sí ọ̀dọ̀ oní-POS, mo ní kí ó bá mi fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo tún pe ọkùnrin náà lọ́jọ́ kejì, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Títí di òní ni kò tíì lọ.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ru ẹrù náà nìkan. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun mi. Ní ọjọ́ kẹfà, mo lọ bá ìyá mi nídìí agbada, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹgba. Ìyá mi kò nà mí. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó kàn ń yí gàrí náà, ó ń yí i, èéfín ń bò wá. Nígbà tó yá, ó ní, “Owó yẹn, oṣù mẹ́fà ni mo fi dá a.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sàn fún mi kí ó lù mí.

Màmá Àgbà ló pè mí wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé yóò bú mi nítorí agolo ọkọ rẹ̀. Ìtàn ló sọ fún mi. Ó ní ìyá-ìyá òun ní ìkòkò ńlá kan tó kún fún owó ẹyọ, tó rì mọ́lẹ̀ nínú ilé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń kó o jọ, nítorí pé nígbà tó wà lọ́mọdé, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń san gbogbo nǹkan. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ hú ìkòkò náà jáde, owó òyìnbó ti gba ọjà. Èyí tí wọ́n kó fún babaláwo wà, èyí tí wọ́n tò sára ògiri wà, èyí tó kù, àwọn ọmọdé ń fi ta ayò. “Kì í ṣe ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀,” ni Màmá Àgbà wí. “Ṣùgbọ́n lọ bá Bàbá Oǹdó, kí ó la ọ̀rọ̀ náà yé ọ.”

Bàbá Oǹdó ni àbúrò Màmá Àgbà. Ìlú Oǹdó ló ń gbé láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ìtàn ló sì fi kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá mi san owó ọkọ̀ fún mi, ó di kọ́bọ̀ mọ́kànlá náà sínú aṣọ, ó ní kí n máa lọ. Mo wọ ọkọ̀ dé Àkúrẹ́, mo tibẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Oǹdó.

Bàbá Oǹdó fi awò rẹ̀ sójú, ó gbé àwọn kọ́bọ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì mí kanlẹ̀. “Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?” Ó fi ojú ibi tí iyanrìn ti ha á hàn mí. Ó ní ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fọ̀ ọ́ rárá, nítorí pé awọ tí ọjọ́ orí fi bo owó náà ni àwọn tó ń rà á ń wò. Owó tí a ha lára, bí ojú tí wọ́n fi abẹ ya ni. Ó wá bi mí pé, “Mélòó ni o rí nínú agolo bàbá rẹ?”

“Mọ́kànlá, sà.”

“Bí mọ́kànlá bá wà nínú agolo àgbẹ̀ kan ṣoṣo ní Ìpógun, mélòó ni o rò pé yóò wà nínú gbogbo agolo láti Ìpógun dé Àkúrẹ́? Láti Àkúrẹ́ dé Accra? Láti Accra dé Freetown?”

Ojú mi là níbẹ̀. Ìbéèrè tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bi ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi.

Bàbá ṣàlàyé fún mi. Owó tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn jẹ́ wúrà, àwòrán orí Edward Kẹjọ sì wà lára rẹ̀. Ọba náà fi oyè sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ irú owó bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlú, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi dán an wò nìkan ló wà láyé. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tiwa ní ihò láàrin, kò sí àyè fún orí ọba. Orúkọ nìkan ni wọ́n ń kọ sí i. Wọn kò ní láti dúró de àwòrán kankan. Bí ọba ṣe gorí oyè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Birmingham, fún Nàìjíríà, Gánà, Sàró àti Gáḿbíà. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n rọ, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọba náà kò ní pẹ́. Ọba kan náà ni, ọdún kan náà ni: ọ̀kan ṣọ̀wọ́n, èkejì kún ilẹ̀ bí erùpẹ̀.

“Iye wo ni wọ́n wá ń tà á, sà?”

“Bí o kò bá ti fọ̀ ọ́, o lè fi ọ̀kan ra búrẹ́dì.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì fẹ́ pa mí. Bàbá Oǹdó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti owó ẹyọ tí Màmá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn baba wa mọ owó kà: ogójì ẹyọ nínú okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives, nínú òkun ìlà oòrùn lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti ń kó ẹyọ wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, nítorí náà ó níyì. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1840 sí 1900, àwọn oníṣòwò ará Jámánì rí i pé ẹyọ pọ̀ ní etíkun Zanzibar, ó sì tóbi ju ti Maldives lọ. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Èkó àti Ouidah, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń fi ra epo pupa. Ẹyọ kún ọjà. Bí ó ṣe ń kún ni agbára rẹ̀ ń dínkù, títí ó fi jẹ́ pé ẹrù ẹyọ tí alágbàárù lè rù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọn yóò san fún alágbàárù náà. Ìkòkò ìyá-ìyá Màmá Àgbà ti ń ṣófo láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kún dé ẹnu.

Bàbá wá fi páálí kékeré kan hàn mí, tó fi sínú ìwé rẹ̀ láti fi ṣàmì. Àwòrán ọkùnrin kan tó gbé kóńdó sí èjìká wà lára rẹ̀. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Amẹ́ríkà ló fún òun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ràn eré kan tí wọ́n ń pè ní baseball, tí wọ́n ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Topps máa ń tẹ àwòrán àwọn eléré náà sórí páálí, wọ́n sì máa ń fi ṣingọ́ọ̀mù sí i fún àwọn ọmọdé nígbà kan rí. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ a máa fi páálí náà há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí ó lè máa dún, àwọn ìyá wọn a sì máa gbá a dànù. Ti ọdún 1952 tilẹ̀ kù sílẹ̀ láìtà. Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps fúnra rẹ̀, ló sọ ọ́ pé òun kó èyí tó kù sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn sì dà á sínú òkun. Nínú ohun tí wọ́n dà nù yìí ni àwòrán Mickey Mantle wà. Nígbà tó yá, mo kà á fúnra mi pé ní oṣù kẹjọ 2022, wọ́n ta ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwòrán Mantle ti 1952 ní mílíọ̀nù méjìlá àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún dọ́là.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà rí i pé páálí àtijọ́ ń di olówó iyebíye, gbogbo wọn sáré wọ ọjà. Láti bíi ọdún 1987 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ lóríṣiríṣi ń tẹ páálí tọ̀sán tòru: Topps, Donruss, Fleer, Score, Upper Deck. Àwọn bàbá ń ra odindi àpótí, wọn kì í ṣí i, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ láti fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ọmọ Bàbá Oǹdó wà lára àwọn tó rà á nígbà tó dé ọ̀hún. Lónìí, àpótí ti ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò tó owó tí wọ́n fi ń san ààyè tí wọ́n gbé e sí. Díẹ̀ nínú wọn ṣì níye lórí, bíi ti Ken Griffey Jr. tí Upper Deck tẹ̀ ní 1989, pàápàá èyí tí igun rẹ̀ kò tẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, àmì inú ìwé ni.

“Ṣé o rí i?” ni Bàbá Oǹdó wí. “Èyí tí wọ́n dà nù ló di wúrà. Èyí tí wọ́n tọ́jú bí ẹyin ló di páálí. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń mú nǹkan wọ́n. Bi ara rẹ ní ohun mẹ́ta: mélòó ló kù? Ta ló ń wá a? Báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí? Kí o sì fi ẹ̀kẹrin kún un: ẹni tó fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ kì í ní kí o kọ́kọ́ san owó fún òun.”

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀kánjúwà baba àrùn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, àwọn olè ni mo sì máa ń rò pé wọ́n ń fi bá wí. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tó ń kọ́lé alájà méjì fún ìyá rẹ̀ lórí ẹní náà lè ní àrùn ọ̀hún lára.

Ìyá mi yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin láti san owó WAEC mi. Ní gbogbo ìsinmi, mo ń bá àwọn èèyàn fọ́ kòkó, mo ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́, mo sì ń kó owó náà fún un. Ọjọ́ tí mo san ẹgbẹ̀rún kẹẹ̀ẹ́dógún pé, ó kà á, ó fi ₦500 sínú rẹ̀ padà fún mi, ó ní kí n lọ ra ìwé tí n ó máa kọ owó àtijọ́ mi sí. Mo rò pé kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn mọ́ láéláé.

Mo ṣe ìdánwò ní 2022, mo sì yege. Ṣùgbọ́n oṣù kejì 2023 ni ẹ̀kọ́ Bàbá Oǹdó tó wọ̀ mí lára tán. Ẹ ó rántí ìgbà náà. Ìjọba ní kí a dá ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ padà sí báńkì, tuntun kò sì kárí. Ní Ìpógun, owó ló wá di ohun tí à ń fi owó rà. Ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ oní-POS ní láti fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀. Páálí tí à ń ká mọ́ra, tí à ń fi epo yí ní ọjọ́ gbogbo, di ohun tí à ń tò sí ìlà fún láti àárọ̀ kùtù. Bébà kan náà ni. Àìtó rẹ̀ nìkan ló yí ojú rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó lówó láti ra gàrí, ìyá mi sì ń fi gàrí gba epo pupa, ó ń fi gba iṣu.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan wá ra gàrí, ó ní òun kò ní owó lọ́wọ́. Ìyá mi ti wọn gàrí sílẹ̀ tán. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Lọ gbé agolo bàbá rẹ wá, bóyá kọ́bọ̀ oníhò a ná lónìí.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúnlẹ̀ nídìí agbada, àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bá wa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi bu gàrí fún un láwìn.

Agolo náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn Màmá Àgbà. 87 ṣì ni wọ́n. Mi ò fọ ìkankan mọ́.